Nígbà tí Ọtí Bá Di Ọ̀gá



A kì í pẹ́ kí a tó dá ọ̀mùtí lẹ́bi. A ó ní: «Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Bí ó bá fẹ́, yóò fi í sílẹ̀.» Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Matt Talbot ná.

Ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1856, nínú ilé òtòṣì. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ọtí. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ọtí mímu. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí ó yá, gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sílé ọtí. Ó tilẹ̀ jí gòjé olórin ojú pópó kan, ó tà á láti fi mutí.

Ní ọdún 1884, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró de àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ti ń ra ọtí fún. Kò sí ẹni tí ó pè é wọlé. Ó padà sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Oṣù 3 péré ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún. Ìyà jẹ ẹ́ gidigidi. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ ti oṣù 6, kí ó tó jẹ́ ti gbogbo ayé rẹ̀. Ó wá olórin náà títí, kò rí i, ó sì san owó Mísà fún un. Ó kú ní ọdún 1925, lẹ́yìn ọdún 41 láìfẹnu kan ọtí. Ní ọdún 1975, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà pè é ní Ẹni Ọ̀wọ̀.

Kí ni èyí kọ́ wa? Bí ènìyàn bá ń mu ọtí líle bí sódábì lójoojúmọ́, ọpọlọ rẹ̀ á mọ́ ọn lára. Kò tún mu ún fún adùn mọ́. Ó ń mu ún kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Ẹni tí ń mutí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ń fi ìgò pamọ́, tí ń ṣe ìlérí tí kò lè mú un ṣẹ, àìsàn ń bá a jà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tì í mọ́lé, kí ẹ sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Talbot là á já, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ti mu púpọ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó dá a dúró. Dókítà ní oògùn tí yóò mú un la ọjọ́ wọ̀nyẹn já.

Nílé, ẹ má ṣe san gbèsè tí ó jẹ ẹlẹ́mu àti olóòtà sódábì. Ẹ má sì bú u lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ bá a ṣe àdéhùn kékeré tí ó lè mú ṣẹ. Bí ó bá ṣubú, ẹ tún bá a bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa tú àwọn tí ọtí dè sílẹ̀.