Kí Máṣíìnì Tó Gbéra: Iṣẹ́ Tí Checklist Ń Ṣe fún Ọpọlọ Wa

Tí ẹ bá ti gba Onípáànù wọ Ṣómólú rí, tí ẹ rìn dé Bajulaiye, ẹ ó ti gbọ́ ìró máṣíìnì ìtẹ̀wé kí ẹ tó rí ọ̀kan. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, pósítà olóṣèlú, ìwé ètò ìsìnkú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde ní Èkó. Tí ẹ bá sì ń gbé Bàrígà bíi tèmi, ẹsẹ̀ lẹ máa fi débẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò sí Ctrl+Z níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ sórí plate, tí wọ́n de plate mọ́ máṣíìnì, tí íǹkì ti ń lọ, ohun tí ẹ bá fún máṣíìnì ló máa tẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa checklist lónìí, ìyẹn ìwé pélébé tí wọ́n kọ ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò sí.

Àwọn kan á ní, "Ẹni tó mọṣẹ́, kí ló fẹ́ fi checklist ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ibi tí ọpọlọ máa ń kó ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ sí kéré gan-an. Lọ́dún 1956, George Miller ní Amẹ́ríkà fojú bù ú sí nǹkan bíi méje. Nígbà tó di 2001, Nelson Cowan ní bíi mẹ́rin péré ni. Kí fóònù dún, kí oníbàárà kan wọlé pẹ̀lú ariwo, kí NEPA mú iná, ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn á jábọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó ti jábọ́.

Ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn ló tún burú jù. Ẹ wo ẹni tó lọ ṣe fọ́tókọ́pì: ó gba kọ́pì, ó sanwó, ó fi ojúlówó ìwé rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ohun tó wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọpọlọ ti gbà pé iṣẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀ náà lèèyàn ṣe ń gba owó tán nídìí ATM tó ń gbàgbé káàdì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣètò ọ̀pọ̀ ATM pé kó dá káàdì padà kó tó yọ owó. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní kí èèyàn túbọ̀ máa ṣọ́ra. Ètò iṣẹ́ ni wọ́n yí padà.

Mo fojú ara mi rí i nígbà tí a sin ìyá wa àgbà. Ẹni tó ya ìwé ètò ìsìnkú náà lórí CorelDraw ya á dáadáa, gbogbo àmì ohùn pé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní convert to curves, kí lẹ́tà lè di àwòrán. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí font yẹn ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà kejì, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn ni, ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti "parí" ló kù, wọ́n sì fò ó. Gbogbo ẹ àti ọ tó ní àmì ohùn lórí di àpótí kékeré, títí kan orúkọ ìyá náà. Òru mọ́júmọ́ ìsìnkú la tó rí i. Àwọn àǹtí mi jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú báírò, wọ́n ń fọwọ́ tún orúkọ ìyá wọn kọ lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà jẹ́ 300.

Nídìí bàálù, ẹ̀mí ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní October 30, 1935, ní Wright Field ní Ohio, bàálù tuntun kan tí Boeing ṣe, Model 299, gbéra fún ìdánwò níwájú àwọn ológun. Ó nàró sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ó já lulẹ̀, ó gbiná. Ployer Hill àti Leslie Tower kú, àwọn méjèèjì sì jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì ò bàjẹ́ o. Wọ́n gbàgbé láti tú ohun tí wọ́n fi ń de ìrù bàálù nílẹ̀ kí atẹ́gùn má baà máa mì ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn awakọ̀ òfurufú kọ checklist kúkúrú fún un. Bàálù yẹn ló di B-17, èyí tí wọ́n ṣe tó lé ní 12,000.

Àwọn dókítà náà gbà á. Lọ́dún 2009, ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, títí kan Ifakara ní Tanzania, tí wọ́n ti lo checklist iṣẹ́ abẹ ti WHO. Nǹkan 19 ló wà nínú rẹ̀. Ikú wálẹ̀ láti 1.5% sí 0.8%, wàhálà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì wálẹ̀ láti 11% sí 7%.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lọ́dún 2014, wọ́n wo ilé ìwòsàn 101 ní Ontario ní Kánádà, níbi tí ìjọba ti fẹ́ kí gbogbo wọn máa lo checklist. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 200,000. Ikú ò dín kù tó ohun tí èèyàn lè tọ́ka sí. Awuyewuye pọ̀ lórí èyí, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn tó ní ìlò ló yàtọ̀ ni mo wà. Checklist WHO sọ pé kí ẹgbẹ́ dúró nígbà mẹ́ta, kí ẹnì kan kà á sókè, kí àwọn yòókù dáhùn. Tí nọ́ọ̀sì kan bá dá jókòó sí igun tó ń fi báírò máàkì gbogbo rẹ̀, fọ́ọ̀mù lásán ló kù.

Bàbá kan tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú mọ èyí láìka ìwádìí kankan. Páálí kan wà lára ògiri lẹ́bàá máṣíìnì rẹ̀, nǹkan márùn-ún ló kọ síbẹ̀: ṣé oníṣẹ́ ti fọwọ́ sí proof? Ṣé lẹ́tà ti di curves? Ṣé ọjọ́ àti déètì bára mu lórí kàlẹ́ńdà? Ṣé ẹni tí kò tẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ló kà wọ́n sókè? Ṣé 3mm wà létí fún ọ̀bẹ? Bàbá á kà á, ọmọṣẹ́ á wo iṣẹ́ kó tó dáhùn.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n lórí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ ọ́n. Àdúrà Olúwa náà, mo mọ̀ ọ́n. Ìgbà mìíràn, mo ti máa ń dé Àmín kí n tó mọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ní nǹkan 15 ló wà lórí páálí náà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ kàn máa ń dáhùn "ó wà, ó wà" láìgbé ojú sókè, ni wọ́n bá gé e kù sí ohun tí owó ò lè tún ṣe mọ́ tí máṣíìnì bá ti gbéra.

Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, nǹkan kẹta ló dá iṣẹ́ dúró. Káàdì ìgbéyàwó ni, wọ́n kọ Saturday sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ Friday ni déètì náà bọ́ sí. Ọmọṣẹ́ fi fóònù ṣí kàlẹ́ńdà, ó gbé e han Bàbá. Wọ́n pe ìyàwó. Saturday ni lóòótọ́, déètì ló yẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan. Wọ́n tú plate yẹn kúrò, wọ́n lọ ṣe òmíràn.