Bátìrì Ínfátà Nílé Yín: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án, Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣájì Rẹ̀

Ìwé ìlàlóye fún àwọn onílé àti ayálégbé ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ọ̀pọ̀ ilé ní Adó-Èkìtì kò lè tan jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Ínfátà ló gba ipò rẹ̀, ní Bàṣírì, ní Ajílóṣùn, títí dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kọ́. Owó ńlá ló ń ná èèyàn, bátìrì ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀. Bátìrì tó yẹ kó lò tó ọdún mẹ́rin lè kú láàárín ọdún kan, kì í sì í ṣe ayédèrú ni gbogbo wọn. Ebi ló pa púpọ̀ nínú wọn: wọn kò kún dáadáa rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ilé.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta bátìrì, ẹ bèèrè èyí lọ́wọ́ ara yín: wákàtí mélòó ni iná ń wà ládùúgbò wa?

BEDC ló ń pín iná fún wa. Ìsọ̀rí márùn-ún ni wọ́n pín àwọn oníbàárà sí: A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹ má ṣe fi ti orí ìwé ṣírò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìgbà tí iná dé àti ìgbà tí wọ́n mú un lọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn á tún wúlò bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sun BEDC, tàbí àjọ ìpínlẹ̀ wa tí NERC, àjọ àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, fa àkóso iná Èkìtì lé lọ́wọ́ lọ́dún 2024.

Ìdí tí wákàtí fi ṣe pàtàkì ni pé bátìrì òjé, ìbáà jẹ́ olómi tàbí gbígbẹ, kì í yára gba iná. Èyí tó bá jẹ́ 200Ah, bí 20 ámúpù ló yẹ kí ínfátà máa rọ sínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti lò ó dé ìdajì, á gbà tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó kún, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ìwọ̀nba tó kù lókè máa ń wọlé, kò sí bí ṣájà ṣe lè lágbára tó. Bí iná bá lọ kó tó kún, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, nǹkan funfun kan á gan mọ́ àwọn irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ibi tó bá sì gan mọ́ kò ní gba iná mọ́.

Ilé tó bá ń rí iná wákàtí 12 sókè lè ra bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular, kó sì gbádùn rẹ̀. Èyí tí kò bá rí ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ wá páńẹ́lì sólà kún un, tàbí kẹ́ ẹ ra bátìrì lithium. Lithium wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè kún láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta bí ṣájà bá lágbára, kì í bínú bí kò bá kún, ẹ sì lè lo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ínfátà yín ní ètò tirẹ̀. Ẹni tí iná rẹ̀ kò tó tó wá ra bátìrì òjé mẹ́rin dípò méjì ń dá kún wàhálà ara rẹ̀ ni, nítorí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní kún.

Iye tẹ́ ẹ nílò kò ṣòro láti ṣírò. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah ní 2,400 wáàtì-wákàtí nínú. Kò yẹ kẹ́ ẹ lò ju ìdajì lọ, ínfátà náà á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀, torí náà ẹ kà á sí 1,000. Gílóòbù LED márùn-ún, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti dẹkódà máa ń sún mọ́ 250 wáàtì. Bátìrì kan á gbé wọn fún wákàtí mẹ́rin, méjì á gbé wọn fún mẹ́jọ. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo á jẹ gbogbo èyí tẹ́ ẹ lè lò nínú bátìrì kan tán kó tó pé wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó máa dúró de iná NEPA.

Lọ́jà, ẹ gbé bátìrì wò. Bátìrì òjé 200Ah gidi kì í sábà fúyẹ́ ju 50 kìlógíráàmù lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ má sì so tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí èyí tó ti rẹ̀ á fa tuntun sílẹ̀.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná tó ń so ó fi ètò ṣájì hàn yín lójú ẹ̀rọ. Fún bátìrì òjé 12V, olómi máa ń fẹ́ bí 14.4V, gbígbẹ kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá sì ti kún, kó padà sí nǹkan bí 13.6V. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi á fi 12.7V hàn lójú mítà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 12.2V. Èyí tó bá ń já sí 11.8V lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ lọ.

Ẹ má fojú fo omi rẹ̀. Bátìrì tubular ní ọ̀pá kékeré tó léfòó lójú ìdérí kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti rì débi àmì pupa, omi ti dín. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kẹ́ ẹ tó bu omi sí i, àfi bí irin inú rẹ̀ bá ti yọ síta, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bu díẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ṣe tan àbẹ́là níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nígbà tó bá ń ṣájì lè gbiná. Omi distilled nìkan ni kẹ́ ẹ bu sí i. Omi kànga, omi òjò àti píọ́ wọ́tà kì í ṣe tirẹ̀, ásíìdì náà kì í ṣe tirẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gba EKSUTH tàbí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lọ.

Yàrá tẹ́ ẹ ń sùn kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí oòrùn kò ti ní bá a. Ooru ń jẹ ọjọ́ ayé bátìrì òjé: bí ibi tó wà bá fi ìwọ̀n 10 gbóná ju 25°C lọ, ọjọ́ rẹ̀ á dín sí bí ìdajì.

Bó bá kú, ẹ má ṣe da omi rẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ lágbàlá yín. Òjé inú rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ní Ògijo, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì, àyẹ̀wò ti rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú, tọmọdé tàgbà. Ẹ gbé bátìrì tó kú padà fún ẹni tó tà á fún yín, lódindi, pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí gbé ọmọ.