Ìdànrè àti Olúmirin: Ìrìn ẹsẹ̀ tí kò yẹ kó parí lọ́jọ́ kan

Ilẹ̀ Ọlọ́dì-Àpápá l'Ékòó tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Bọ́ńdìrì títí dé etí kánààlì, kò sí ohun tí ẹsẹ̀ ń gùn níbẹ̀ ju bíríìjì àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Bí òjò bá rọ̀ wákàtí kan péré, omi á dúró sójú títì, torí kò rí ibi tó máa sàn gbà. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ iléèwé àtijọ́ bá fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì lọ ṣe fàájì lọ́jọ́ ìsinmi, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi dárúkọ òkè Ìdànrè, tí ẹlòmíì á sì dárúkọ Olúmirin, omi tó ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Wọ́n á gbéra ní kùtùkùtù, wọ́n á gun òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọ̀nà márosẹ̀ bá gbà fún wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù ìdajì ohun tí wọ́n sanwó lé. Ibi méjèèjì kì í ṣe àpáta lásán. Ọ̀nà tí wọ́n là láàárín òkè Ìdànrè, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà relé ni, kó tó di ọ̀nà tí àlejò ń sanwó gùn.

Kí ló dé tí Èkó kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀? Iyanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ tí òkun àti odò kó jọ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ló wà lábẹ́ Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti Àgbádárìgì. Àpáta wà nísàlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó jìn. Bí èèyàn bá ṣe ń fi etí òkun sílẹ̀ ni iyanrìn náà ń fẹ́lẹ́ sí i, títí tí àpáta fi yọrí síta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí ní 1830, wà lára àwọn àpáta tí ará Èkó kọ́kọ́ ń bá pàdé bó bá dorí kọ òkè.

Ti Ìdànrè ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Àwọn òkè ibẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè ju ojú òkun lọ. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni àpáta wọn dì lábẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn tó ti gbóná tó ń hó kùtùkùtù bí ẹ̀kọ inú ìkòkò. Òjò àti oòrùn wá ń gbé ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ ni àpáta náà ń wú, tó ń sán, tó sì ń bó ní awẹ́-awẹ́. Òun ló jẹ́ kí orí òkè wọ̀nyẹn rí rogodo. Ojú ibi tó sán ni omi ń gbà, omi sì ń jẹ ibẹ̀ wọlé lọ, títí tó fi di àfonífojì tóóró láàárín òkè kan sí èkejì.

Òkúta Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yàtọ̀. Yanrìn àtijọ́ ni, tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ sọ di òkúta líle koko, ó sì nà gbọọrọ di òkè tó wà láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Níbi tí òkúta bá ti le, omi á já wálẹ̀. Níbi tó bá ti rọ̀, omi á gbẹ́ kòtò dúró. Ìpele méje ni wọ́n kà fún un láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá èkíní tàbí èkejì. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n gbé dání, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fara dà á títí dókè, ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀fọ̀n ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ló máa yọ sí.

Ṣùgbọ́n Ìdànrè ni ìtàn pọ̀ sí jù.

Ìlú gidi ló wà lórí òkè náà. Ufẹ̀ Òkè ni wọ́n ń pè é. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n fi gbé ibẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ rí ọ̀tá. Láyé ìgbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òkè ju odi ìlú lọ. Ogun Kírìjì, ọ̀kan lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká tán. Nígbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀, kí ni èèyàn tún ń gbé igbá omi gun àpáta sí? Oko kòkó wà nísàlẹ̀, ọjà àti ọ̀nà mọ́tò náà wà níbẹ̀. Ní 1923 ni ìlú ṣí wálẹ̀ sí ibi tí Odòde, Àlàdé àti Àtòsìn wà lónìí.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni arìnrìn-àjò ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wò: àfin Ọwá, ọba Ìdànrè, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé agogo, ibi ìsìnkú àwọn baba ńlá, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn. Àwọn amọ̀nà máa ń sọ pé kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá ojú ẹsẹ̀ yẹn mu, àfi ti àjẹ́. Ẹni tó bá ń wò ó látòkèèrè á rí i pé kì í ṣe gbogbo àlejò ló ń yára bọ́ bàtà.

Ẹ̀dá kan tún wà níbẹ̀ tí kò tẹ̀lé wọn ṣí. Ní 1963, onímọ̀ kan kọ̀wé nípa irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tó wà lórí àpáta Ìdànrè; orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí ni Sclerophrys perreti. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, títí tí àwọn olùwádìí fi tún rí i ní 2013. Wọn kò mọ ibòmíì tó wà láyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún bíi ti àwọn yòókù. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn lójú àpáta ni wọ́n ń gbé. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí àlejò bá jù sílẹ̀ lè bo gbogbo ayé ìdílé ọ̀pọ̀lọ́ kan.

Láti 2007 ni orúkọ òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Kò tíì wọlé. Èyí tó ti wọlé nílẹ̀ wa kò ju méjì lọ: igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005, àti Sukur ní 1999. Sukur yìí yẹ ní wíwò dáadáa, torí abúlé orí òkè lòun náà ní Adamawa, wọ́n sì fi òkúta tẹ́ ọ̀nà tó gun ibẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Ufẹ̀ Òkè ni pé èèyàn ṣì ń gbé Sukur.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ilẹ̀ Gíríìsì ṣe ń jẹ́ kí àlejò dúró pẹ́. Ní erékùṣù Kírétè, àfonífojì kan wà tó ń jẹ́ Samaria. Nǹkan bíi kìlómítà 16 ni ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn láti orí òkè dé etí òkun. Abúlé kan wà láàárín rẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò ní 1962, nígbà tí ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá. Oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i, tí òjò bá sì ṣú, wọ́n á ti géètì, torí ọ̀gbàrá inú àfonífojì kì í kìlọ̀ kó tó dé. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà náà parí sí abúlé Agia Roumeli, tí mọ́tò kò dé. Ẹni tó bá rìn débẹ̀ á jẹun, á dúró de ọkọ̀ ojú omi tàbí kó sùn mọ́jú. Lára rẹ̀ ni abúlé ti ń jẹ. Ní Zagori, ní àríwá Gíríìsì, tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2023, afárá olókùúta àti ọ̀nà ẹsẹ̀ ló so àwọn abúlé pọ̀, àlejò sì lè sùn ní ọ̀kan lónìí, ní òmíràn lọ́la.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá yí padà nírọ̀lẹ́, owó ìwọlé lẹ́nu géètì àti owó píọ̀wọ́tà ló kù. Ìyá olóúnjẹ ní Odòde kò rí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni onílé ìtura Àlàdé àti ọmọ ìlú tó lè ṣe amọ̀nà. Ibi tí owó kò bá sì dé, ta ni yóò tún àtẹ̀gùn tó sán ṣe?

Ọmọ Ìlàjẹ pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ló ni omi tí àwọn baba wọn ń tukọ̀ lórí rẹ̀ àti òkè tí à ń sọ yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò tíì dé Ìdànrè rí. Oṣù kọkànlá ló dára jù láti lọ: òjò ti ń lọ, omi Olúmirin ṣì pọ̀, àpáta sì ti ń gbẹ. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà lẹ́bàá ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, Ìdànrè kò sì jìn sí Àkúrẹ́. Ọjọ́ kìíní fún Olúmirin, kí ẹgbẹ́ tó háyà bọ́ọ̀sì lọ sùn ní Ìdànrè, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀gùn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. Kí wọ́n gbé aṣọ ìsùn dání, àti bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Sílípáàsì kò gba ibẹ̀.