Ìtọ́ni Òbí Ń Bá Ọmọ Dé Ilé Ọkọ

Ní apá Àríwá Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni wọ́n ń fà fọ́kọ kí wọ́n tó pé ọdún 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gbà á. Egungun ìbàdí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má tíì gbòòrò tó. Bí ìrọbí bá pẹ́ jù, orí oyún á máa fún ẹran ara mọ́ egungun títí ẹran náà á fi kú, ihò á wá ṣí sáàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, ni ìtọ̀ á bá máa dà láìdá.

Owó àti bí ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó wà lára ohun tó ń yọ ọmọ kan tí kò yọ èkejì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọmọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Diana Baumrind, onímọ̀ ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pín òbí sí mẹ́ta: apàṣẹ-má-ṣàlàyé, agbọ̀jẹ̀gẹ́, àti ẹni tó lófin àmọ́ tó ń ṣàlàyé, tó sì ń gbọ́ tẹnu ọmọ. Ti àkọ́kọ́ ló kàn wá jù. Ọmọ tí wọ́n gbá lẹ́nu nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ti kọ́ pé ìtìjú ni ọ̀rọ̀ ara. Ó dé ilé ọkọ, ó lóyún, orí ń fọ́ ọ, ojú ń ṣú u, ẹsẹ̀ àti ojú wú. Àmì ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè di gìrì nìyẹn, àmọ́ yóò dákẹ́ títí ìyá ọkọ yóò fi fura. Èyí tí wọ́n ń gbọ́ tẹnu rẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Á sọ fún ọkọ, á sì bi nọ́ọ̀sì léèrè ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí obìnrin lo ó kéré tán oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún lóyún.

Àṣà Haúsá tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún òbí lẹ́ẹ̀kan sí i: ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń padà sílé òbí rẹ̀ láti bí àkọ́bí. Bí ìyá bá létí, ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti tú ẹjọ́ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ “máa fara dà á” ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, bó ṣe wá ló ṣe máa lọ.

Ìtọ́ni kò lè mú egungun gbòòrò o. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ dàgbà ná ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wà nílé ọkọ, ẹ bi í bí ara rẹ̀ ti rí, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó fèsì.