Iṣẹ́ tí kò ní máàkì: bí kóòdù akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń di ti gbogbo ayé

Bí ẹ bá ń ka èyí lórí fóònù Android, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́wọ́ yín báyìí. Mi ò ṣàwàdà. Ètò tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú Android, èyí tó ń bá irin inú fóònù sọ̀rọ̀, Linux ló ń jẹ́. Ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Helsinki, ní Finland. Olùkọ́ kankan ò rán an níṣẹ́ náà. Kò sí máàkì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ń ṣe ètò kan, pé nǹkan ìgbafẹ́ lásán ni, kò ní tóbi. Ó wá béèrè ohun táwọn èèyàn máa fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó gbé kóòdù náà síta. Àwọn tí kò rí rí láyé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó wà nínú àkọsílẹ̀ TOP500, ìyẹn àwọn tó lágbára jù láyé, Linux ni wọ́n ń lò.

Torvalds mọṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó mú Linux dàgbà ni pé ó jẹ́ kí àlejò wọ inú yàrá, kò dá wọn dúró sí pálọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní open source nìyẹn.

Ẹ̀kọ àti àgbàdo

Kóòdù ni ohun tí èèyàn kọ, tí èèyàn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì lè kà. Kó tó di app tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Ó dà bí àgbàdo àti ẹ̀kọ. Bí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀kọ, ẹ ó jẹ ẹ́, ó parí. Ẹ ò lè sọ ọ́ di àgbàdo padà. Àwọn tó ń ṣe open source á fún yín ní ẹ̀kọ, wọ́n á tún bu àgbàdo fún yín.

Àmọ́ àṣẹ ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá kàn ju kóòdù sórí GitHub láìsí ìwé àṣẹ, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ni ín lábẹ́ òfin. Ìwé àṣẹ MIT sọ pé: lò ó bó o ṣe fẹ́, ṣáà fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀. GPL, èyí tí Torvalds mú fún Linux lọ́dún 1992, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó o bá tún un ṣe, tó o sì ń pín in, o gbọ́dọ̀ ṣí kóòdù tìẹ náà sílẹ̀ fáwọn tó o fún.

Ohun tí kíláàsì ò kọ́ wa

Àwa tá a kọ́ kọ̀ǹpútà nílé níbí, ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n: bírò la fi ń kọ kóòdù nínú ìdánwò. Iṣẹ́ àmúrelé ńkọ́? Olùkọ́ nìkan ló ń kà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí máàkì bá ti jáde, kóòdù yẹn kú nìyẹn.

Iṣẹ́ tá a ń ṣe nígbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó máa kà á lè má mọ̀ yín rí. Á bi yín pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é báyìí, ẹ ó sì gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù tí ẹlòmíì lè gbé dìde lẹ́yìn ọdún méjì.

Irinṣẹ́ tá a fi ń ṣe é ni Git, tí Torvalds yìí kan náà ṣe lọ́dún 2005. Ó ń tọ́jú gbogbo àyípadà: ta ló ṣe é, ìgbà wo, kí nìdí. Fún ẹni tó ń gbé họ́stẹ́ẹ̀lì, ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé kò nílò dátà títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ṣe é ní gbogbo òru.

"Ọ̀nà" kan, ọ̀nà mẹ́ta

Tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún iṣẹ́ máásítà mi. Mo wá "ọ̀nà" nínú fáìlì kan, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Bẹ́ẹ̀, mo ń wò ó níwájú mi!

Ẹ wo ohun tó fà á. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode. "ọ" ní tiẹ̀, 1ECD. "ò" ní tiẹ̀, 00F2. Àmọ́ "ọ̀", tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kankan tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. (Lẹ́tà "ộ" ti èdè Vietnam ní tiẹ̀ o, 1ED9.) Ṣe la máa ń so tiwa pọ̀:

- "ọ", ká wá fi àmì òkè lé e;
- "ò", ká wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i;
- "o" lásán, ká wá fi àmì méjèèjì sí i.

Ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. "Ọ̀nà" tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú wa lè jẹ́ 4 tàbí 6 lójú Python. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ká ní orúkọ yín ni ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fi bọ́tìnnì kan tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí ẹlòmíì fi òmíì wá a, wọ́n á ní ẹ ò sí níbẹ̀.

Oògùn ẹ̀ ò le. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di oríṣi kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra. NFC lorúkọ oríṣi tá a sábà máa ń lò, ìlà kan péré ló sì gbà nínú Python:

unicodedata.normalize("NFC", oro)

Àwọn kan máa ń gé gbogbo àmì kúrò. Ẹ má dán an wò. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di oko. Ta ló fẹ́ kí ọkọ òun di oko?

Mo fi ìlà yìí àti díẹ̀ sí i ṣe ètò kékeré kan, mo fún un ní ìwé àṣẹ MIT, mo gbé e síta.

Àlejò láti Kétu

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ètò yín lè ka Yorùbá tiwa?" Lọ́dọ̀ wọn, ɛ ni wọ́n ń kọ fún ẹ, ɔ fún ọ, sh fún ṣ. Ó ti ṣe ẹ̀dà kóòdù mi sọ́dọ̀ ara ẹ̀, ìyẹn fork. Ó fi tiẹ̀ kún un, ó wá fi ránṣẹ́ pé kí n gbà á wọlé, ìyẹn pull request.

Mo bi í pé: "Àbúrò, Washington ńkọ́? Ṣé ó máa di Waṣington ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ṣe é kó jẹ́ pé ẹni tó ń lò ó ló máa sọ bóyá òun fẹ́ kí sh yí padà. Mo gbà á wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Títí dọjọ́ náà, mi ò tíì ṣí ìwé Yorùbá kankan tí wọ́n tẹ̀ ní Benin rí. Ká ní mo ti kóòdù yẹn mọ́lé ni, ìdajì Yorùbá ni ì bá máa kà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ kóòdù kọ. Ẹ tẹ "ọ̀nà" lórí fóònù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ wá fi ìkan wá ìkejì nínú app open source èyíkéyìí tẹ́ ẹ ń lò. Bí kò bá rí i, ẹ kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, tí wọ́n ń pè ní issue: ohun tẹ́ ẹ ṣe, ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa rí, ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹni tó kọ ètò náà lè má gbọ́ Yorùbá rárá, kó má sì mọ̀ pé "ọ̀" wà láyé. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un.