Abẹ́rẹ́ Tó Ń Wọn Ìgbóná: Èwo Ni Ká Rà fún Ẹja Yíyan Wa?

Ẹ rántí pé a ti fẹnu kò pé ẹja yíyan la máa fi gba àlejò ní Ọjọ́ Àṣà, kì í ṣe mọ́ínmọ́ín bíi ti èṣí. Matron ti gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹja kankan ò gbọdọ̀ wọ yàrá ìjẹun bí a ò bá lè fi nọ́ńbà hàn wọ́n pé inú rẹ̀ jinná. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ "ó ti jinná, mà, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀." Ẹgbẹ́ wá ní kí n wádìí irú ohun tí a fi ń wọn ìgbóná tó yẹ ká rà, àti ibi tí a ti lè rí i ní Port Harcourt. Ohun tí mo rí rèé.

Matron ò ṣàṣejù rárá. Ẹni tó bá ti jẹ bole àti ẹja létí títì ní ìlú yìí (bọ̀ọ̀lì là ń pè é nílé) mọ̀ pé ojú àti ọwọ́ ni àwọn ìyá tó ń sun ún fi ń mọ bí iná ṣe tó. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, ojú wọn sì wà lára ẹja kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń yí lórí èédú. Ti yíyan yàtọ̀. Inú dírọ́ọ̀mù tí a dé ni ẹja máa wà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èéfín á sì ti kun ara rẹ̀ kí ooru tó dé egungun. Ẹja àrọ̀ lè dúdú bí ìdí ìkòkò, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọ̀ ń sọ bí èéfín ṣe pọ̀ tó ni, kò sọ ti inú.

Nọ́ńbà tí Matron ń bèèrè kò le. Ìlànà àwọn aláṣẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà, ìyẹn FDA, fún ẹja tí a fi ooru yan ni pé kí àárín rẹ̀ dé 63 dígírì Celsius ó kéré tán, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Adìyẹ ní tirẹ̀, 74. Láàárín 5 sí 60 dígírì ni àwọn kòkòrò àìsàn ti ń gbádùn ara wọn, tí wọ́n ń bímọ lé ọmọ. Nítorí náà, ẹja tó bá wà nínú èéfín lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí kò gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, oko kòkòrò la fi í dá.

Ibi méjì la gbọ́dọ̀ wọ̀n: inú ẹja, àti afẹ́fẹ́ inú dírọ́ọ̀mù. Ti inú ẹja ti yé wa. Ti afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bí iná bá pọ̀ jù, ẹja á fọ́, òróró rẹ̀ á máa kán sórí èédú, èéfín òróró tó ń jó yẹn á sì máa gbé àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PAH padà sára ẹja. Àwọn ará European Union ò gbà kí ọ̀kan nínú wọn, benzo(a)pyrene, ju 2 máíkírógíráàmù lọ nínú kílò kan ẹja yíyan. Nítorí irú wàhálà yìí ni FAO àti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Senegal fi gbé ààrò FTT-Thiaroye jáde ní 2008, èyí tó ní àwo tó ń gba òróró kó má bàa kán sínú iná. Àwa ò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀. Dírọ́ọ̀mù la ní, nítorí náà ká máa ṣọ́ iná. (Dírọ́ọ̀mù náà gan-an, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ èyí tó gbé epo ìsebẹ̀ tàbí oúnjẹ rí. Ìlú epo rọ̀bì la wà. Ọ̀pọ̀ dírọ́ọ̀mù tí wẹ́dà ń gé láàbọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.)

Ó yá, èwo ni ká rà? Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú àwọn tí kò wúlò kúrò. Ìbọn tí wọ́n fi ń yìn wá níwájú orí ní géètì lásìkò Kòrónà, ọ̀pọ̀ wọn ò lè kà kọjá nǹkan bí 43 dígírì, torí ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Irú rẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò ń kà jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n awọ ẹja nìkan lòun náà ń rí. Ti lábù, onígíláàsì, ẹ má tiẹ̀ dá a lábàá: bó bá fọ́ sínú ẹja, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Olójú bí aago tó ní ọ̀pá lẹ́yìn wà lọ́jà, ó sì dára fún odidi tòlótòló. Irin wíwé tó ń gba ooru nínú ọ̀pá rẹ̀ ga tó bíi 5 sẹ̀ǹtímítà, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wọnú ẹran kó tó sọ òótọ́. Ẹja wo ló nípọn tó bẹ́ẹ̀ nínú èyí tí owó wa ká?

Ó wá ku méjì. Àkọ́kọ́ ni onínọ́ńbà kékeré tó dà bíi bírò, tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Thermistor ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdènà tó ń ṣe fún iná mànàmáná ń dín kù. Michael Faraday ti ṣàkíyèsí irú ìwà yìí lára kẹ́míkà kan ní 1833. Ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló yẹ kó wọ ẹja, nítorí náà ó bá ẹja mu. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀ sínú dírọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ dé e: ike ni orí rẹ̀, á yọ́. Ẹ gún ẹja, ẹ ka nọ́ńbà, ẹ fà á yọ.

Èyí tó wù mí jù ni thermocouple. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Físíìsì, ẹ tẹ́tí. Bí a bá so wáyà méjì tí irin wọn yàtọ̀ pọ̀ lẹ́nu, tí ẹnu náà gbóná ju ìdí wọn lọ, iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ á yọ. Thomas Seebeck, onímọ̀ ará Jámánì, ló rí i ní 1821. Irú tí wọ́n ń pè ní K ló wọ́pọ̀ jù. Níkẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù nínú wáyà rẹ̀ méjèèjì, wọ́n wá fi kúrómíọ̀mù kún ọ̀kan, wọ́n fi alumíníọ̀mù kún èkejì. Nǹkan bíi 41 máíkírófóòtì ló ń yọ fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà nínú omi híhó, tí ìdí rẹ̀ wà nínú yìnyín, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 4.1 mílífóòtì. Bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo ní 1,500 mílífóòtì, ẹ wá fojú inú wò ó. Síbẹ̀ mítà ń kà á, iná dírọ́ọ̀mù wa ò sì tó nǹkan lójú wáyà yẹn.

Ọ̀rọ̀ wà nínú wáyà yẹn o. Èyí tí wọ́n ń fún èèyàn pẹ̀lú mítà sábà máa ń wà níhòòhò lẹ́nu, fíbà gíláàsì ni wọ́n sì fi ń wé ọ̀pọ̀ wọn. Afẹ́fẹ́ ni ká fi irú ìyẹn wọ̀n, kó má kan ẹja. Bó bá kúrú, ẹ má jẹ́ kí rẹwáyà fi wáyà iná ilé gùn ún, torí ibi tí kọ́pà bá ti so mọ́ ọn ni mítà á rò pé òun wà. Bí ojú ìsopọ̀ yẹn bá fi 30 dígírì gbóná ju ibi tí mítà wà lọ, iye tí ẹ máa kà á fi 30 dín sí òótọ́. Wáyà irú K bíi tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gùn ún. Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ pẹ̀lú: nínú ìlànà Amẹ́ríkà, yẹ́lò ni àmì K, pupa sì ni òdì, kò dà bí wáyà bátìrì tí ojú wa ti mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti ẹnu rẹ̀ bọ omi gbígbóná tí nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti so ó lódìlódì nìyẹn.

Níbo la ti máa rà? Ti kékeré, àwọn tó ń ta irinṣẹ́ kéèkì ni ká bi. Ti K, ẹ bi àwọn tó ń ta mítà fún àwọn oníná àti àwọn tó ń tún AC ṣe: ọ̀pọ̀ mítà wọn ló ní ihò tí a ti ń ki thermocouple bọ̀ ọ́. Bá a bá fẹ́ onírin gígùn tí kì í dípẹtà, àwọn tó ń ta irinṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ní Trans-Amadi ló yẹ ká lọ bá. Tòkúnbọ̀ ńkọ́? Èmi ò fẹ́ o. Abẹ́rẹ́ tó ti gbé inú páìpù kẹ́míkà rí ò gbọdọ̀ wọ ẹja wa. Àwọn tó máa lọ sí Èkó nílé lè wo Alábà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá a lè ra abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan bó bá bàjẹ́, torí abẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ibi tí wáyà ti wọnú irin ni omi ń gbà pa á, nítorí náà aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, ẹ má rì í sínú omi.

Ohun yòówù ká rà, ká dán an wò. Ẹ fọ́ yìnyín wẹ́wẹ́ kún kọ́ọ̀bù, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ àárín láìkan ìdí kọ́ọ̀bù: 0 ló yẹ kó kà. Lẹ́yìn náà, omi tó ń hó. Níbí, tí ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, 100 ló yẹ kó jẹ́. Ní Jos, tó ga ju 1,200 mítà lọ, nǹkan bí 96 lomi ti máa hó. Bó bá fi dígírì méjì yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀, ká máa fi ṣírò. Bó bá fi mẹ́wàá yàtọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lọ́jọ́ náà, wáyà K á wà lórí àsẹ́, níbi tí ẹja wà, kì í ṣe lókè lábẹ́ ìdérí, níbi tí ooru ń kó jọ sí. Ti kékeré á máa wọ ẹ̀yìn orí ẹja tó tóbi jù, níbi tó nípọn, láìkan egungun. Ká wọn mẹ́ta ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé fún Matron pẹ̀lú aago. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ń múra láti tọ́jú ẹja sínú lọ́kà, mo mọ̀ yín: 63 dígírì ò sọ pé kò ní bàjẹ́. Gbígbẹ ló ń mú ẹja pẹ́, tiwa á ṣì rọ̀. Ọjọ́ náà ni ká jẹ ẹ́ tán.

Àbá mi ni ká ra ọ̀kan onínọ́ńbà kékeré, ká sì yá mítà tó ń ka K, ká wá ra wáyà rẹ̀ nìkan. Owó inú àpò ẹgbẹ́ á ká a, èédú á sì ṣẹ́ kù. Ẹni tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní irú mítà bẹ́ẹ̀ kó wá bá mi kí àkókò ìwé alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti bẹ àwọn ará ilé ìdáná fún yìnyín.