Dúró Ládiípọ̀: Ìlù tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ tó dé òkè òkun

Bí a bá dárúkọ Ṣàngó, Dúró Ládiípọ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń rántí. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì ṣe kí ó tó di eléré. Nígbà tí ó fi dùndún sí orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo, àwọn àgbà ìjọ fárígá pé ìlù abọ̀rìṣà ni. Kò jáwọ́. Ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo lọ́dún 1962, eré Ọba Kò So sì jáde lọ́dún 1963.

Ọ̀yọ́-Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà lápá àríwá Òkè-Ògùn, ni ó ni ìtàn náà. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó ṣe orin rẹ̀, òun náà ni ó ṣe Ṣàngó. Abíọ́dún, aya rẹ̀, ṣe Ọya. Òyìnbó pè é ní ọ́pẹ́rà, bẹ́ẹ̀ oríkì, ọfọ̀ àti bàtá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó dé Berlin lọ́dún 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965.

Ó jáde láyé lọ́dún 1978. Lónìí, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, gángan ń dún nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.